Bí A Ṣe Ń Ṣe Sinimá Olórin Kékeré Nípa Ẹni Tó Ń Wá Ara Rẹ̀

Ohun tó máa ń ba sinimá olórin jẹ́ kì í sábà jẹ́ ohùn. Ohùn lè dùn, ijó lè gún, kí aṣọ máa dán gbinrin, síbẹ̀ tí orin bá parí, ibi tí ẹni tó ń kọrin wà kó tó la ẹnu náà ló ṣì wà. Bó bá jẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín, ará ìwòran lè fojú fò ó. Ṣùgbọ́n eré tó dá lórí ìrètí, lórí ẹni tó ń wá ara rẹ̀ rí, orin ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Bí orin ò bá gbé e kúrò lójú kan, eré ti dúró nìyẹn. Torí náà, kí ẹ tó kọ orin kankan, ẹ kọ ìlà méjì sílẹ̀: kí ni ẹni yìí gbà gbọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló gbà gbọ́ nígbà tó parí? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jọra, ẹ yọ orin náà kúrò.

Fíìmù oníṣẹ́jú 15 la fi ṣe òdiwọ̀n níbí: orin mẹ́ta, tí gbogbo wọn pa pọ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, akọrin kan, àti oníjó mẹ́fà ó pẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti wákàtí kan àtààbọ̀ á nílò bí orin mẹ́jọ sí méjìlá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: obìnrin kan tó ń gba ìpè àwọn oníbàárà nílé iṣẹ́ ńlá kan. Hẹ́dífóònù wà létí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ sọ sí, àti kíkí, àti ẹ̀bẹ̀, àti ó dàbọ̀. Àìmọye ènìyàn ló ti bá a sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Orin ohun tí mò ń fẹ́

Orin àkọ́kọ́ nìyí, òun sì ni ìpìlẹ̀. Nínú fíìmù oníṣẹ́jú 15, kó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kẹta tó pé. Nínú fíìmù gígùn, kó má kọjá ìṣẹ́jú 20. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń wò á ti gbà pé eré ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, orin á wá já lù wọ́n lójijì, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ò fẹ́ ẹ̀rín.

Ohun tí ẹni náà ń fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kámẹ́rà lè rí. “Mo fẹ́ òmìnira” ò ṣeé yà. “Mo fẹ́ kí ẹnì kan béèrè orúkọ mi kó tó gbé fóònù sílẹ̀” ṣeé yà, nítorí a ó mọ ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ìrètí tí ò ní ojú àti imú ló ń sọ orin di ìwàásù. Ẹ kọ ohun tó ń fẹ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ kọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹsẹ orin àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun kẹta kí ẹ sì fi pamọ́: ohun tó nílò gan-an, tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì mọ̀. Obìnrin wa rò pé kí àlejò mọ orúkọ òun ni ìṣòro òun. Ohun tó nílò ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ yọjú nínú orin àkọ́kọ́ rárá. Àwọn tó ń kọ orin eré fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í lè pa á mọ́ra. Wọ́n á ti tú àṣírí eré síta ní ìṣẹ́jú kẹta, ìṣẹ́jú méjìlá tó kù á wá di àsọtúnsọ.

Orin yìí máa ń ba olówó eré lẹ́rù, torí eré ò tíì gbéra, ẹnì kan dúró sójú kan ó ń kọrin. Nínú *The Wizard of Oz* (1939), wọ́n ti gé *Over the Rainbow* tí Judy Garland kọ kúrò lẹ́yìn àfihàn ìdánwò, nítorí ó ń fa eré sẹ́yìn lójú wọn, kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ fojú inú wo eré náà láìsí i: ọmọ kan ni ìjì gbé lọ, ó fẹ́ padà sílé, ó tán. Orin yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti ń wá ibòmíràn kí ìjì tó dé. Àtúnkọ rẹ̀, tí ọmọ náà ń fi ẹkún kọ nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, ni wọn ò dá padà mọ́. Lójú tiwa, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni.

Orin tó wó, orin tó padà wá

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìrètí gbọ́dọ̀ wó. Ẹ má kọ orin ìbànújẹ́ tuntun fún ibẹ̀. Ohùn orin àkọ́kọ́ náà ni kí ẹ mú, kí ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀: ẹ yọ ìlù, ẹ yọ gìtá, ẹ fi ohùn ènìyàn nìkan sílẹ̀ tàbí dùùrù tó ń tẹ ohùn kan ṣoṣo. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ohùn tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, kí ìdákẹ́jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tẹ̀ lé e. Etí ẹni tó ń wò ti mọ ibi tí orin yẹ kó balẹ̀ sí; bí ò ṣe balẹ̀ yẹn ni yóò dùn ún. Fún obìnrin wa, fóònù ló máa dún níbi tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹ kó bọ́ sí, yóò sì gbé e, yóò ka ìwé rẹ̀ bó ṣe wà.

Gòjé púpọ̀ ló ń ba orin kejì jẹ́. Ẹni tó ń po orin á rò pé bí ìbànújẹ́ bá ti pọ̀ ni gòjé yẹ kó pọ̀. Òdìkejì ni.

Orin kẹta ni àtúnkọ: ohùn orin kan náà, ó kúrú tó ìdajì ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó yí padà. Gbólóhùn kan péré. Bí ègbè àkọ́kọ́ bá ní “kí wọ́n pè mí,” kí ti ìkẹyìn ní “èmi ni mo pè.” Bí ẹ bá yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà, ará ìwòran ò ní mọ èyí tó ṣe pàtàkì; á kàn gbọ́ orin míràn. Ẹ lè gbé kíì orin (ibi tí gbogbo ohùn rẹ̀ ga dé) sókè díẹ̀, ìyẹn bọ́tìnnì dùùrù kan tàbí méjì, kí ẹ ka funfun àti dúdú mọ́ ọn. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ó ti di àṣehàn. Kò sì pọn dandan kí obìnrin yìí rí ohun tó ń fẹ́ gbà. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀ títí eré fi parí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti yí ìwé yẹn dojú dé.

Ta ló ń gbọ́ orin yìí?

Ẹ pinnu kí ẹ tó kọ ìwé eré tán: ṣé àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ mọ̀ pé ó ń kọrin? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Nínú èyí àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn ń kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kò sì yà wọ́n lẹ́nu. Nínú ìkejì, inú ọkàn rẹ̀ nìkan ni orin wà, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìkẹta ni pé orin ò ní wáyé àfi níbi tí orin ti máa ń wáyé lóòótọ́: orí ìtàgé, ilé ìjọsìn, ilé ọtí. *Cabaret* (1972) tí Bob Fosse darí gba ọ̀nà kẹta yìí: orí ìtàgé ilé fàájì ni wọ́n ti ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ orin inú rẹ̀.

Fún eré ìmọ̀-ara-ẹni, ọ̀nà kejì ló rọrùn jù láti rù, torí pé ibi tí ayé inú àti ayé òde ti pàdé ni eré ti máa yọ. Obìnrin wa lè kọ orin àkọ́kọ́ nínú ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Orin kẹta ni kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú padà nítorí ó gbọ́ ọ. Yíyíjú yẹn tó ìtàn kan. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i gbà bí ẹ ò bá pa òfin náà mọ́ látìbẹ̀rẹ̀; bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì bá a mi orí sí orin àkọ́kọ́, ó ti bàjẹ́.

Láti inú ọ̀rọ̀ bọ́ sínú orin

Ibí yìí lojú ti máa ń ti ẹni tó ń wò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ṣàdédé la ẹnu kọrin, ẹgbẹ́ olórin sì bú jáde láti ibi tí a ò mọ̀. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ariwo tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìró kíbọ́ọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́, fóònù tó ń dún, abẹ́bẹ̀ òkè. Ẹ to ìró kíbọ́ọ̀dù sórí iye bíìtì orin (ìlù kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé) ní báà mẹ́rin (bíìtì mẹ́rin ló wà nínú báà kan níbí) kí ọ̀rọ̀ tó tán, kó kọ́kọ́ rọra bára mu bí ẹni pé ó ṣèèṣì. Ní báà méjì sí i, ohùn dùùrù kan wọlé lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìlà orin àkọ́kọ́ kó wà níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, kó má ròkè ju ohùn mẹ́ta lọ, kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ohun tó ṣì lè sọ fún ènìyàn lẹ́nu: “Ẹ kú àárọ̀, kí ni mo lè bá yín ṣe?” Ìgbà kejì tó bá tún un sọ ló di orin. Ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ìró ọ́fíìsì tó pa rẹ́, kí ó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lọ tán.

Ẹ ṣe ọ̀nà àbájáde náà bẹ́ẹ̀. Orin tó parí pẹ̀lú ìlù ńlá tó sì dákẹ́ wáí ń bẹ̀bẹ̀ fún pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún fóònù tó fi ń wo fíìmù.

Iye bíìtì, kíì, àti ọ̀rọ̀

Ẹ mú iye bíìtì tó bá fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà ń yà) mu. Ní fírémù 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ pín 1440 sí iye bíìtì tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, ẹ ó mọ iye fírémù tí bíìtì kan gbà: 72 gba fírémù 20, 80 gba 18, 90 gba 16, 96 gba 15, 120 gba 12. Bó bá jẹ́ fírémù 25 ni kámẹ́rà yín ń yà, 1500 ni ẹ ó pín: 75 gba 20, 100 gba 15. Ẹni tó máa to àwòrán á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí kò ní máa wá bíìtì láàárín fírémù méjì.

Fún orin àkọ́kọ́, 72 dára. Orin ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 40 ní 72, tó jẹ́ bíìtì mẹ́rin mẹ́rin, jẹ́ báà 48 gẹ́lẹ́: mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ ẹsẹ, mẹ́jọ ègbè, mẹ́jọ ẹsẹ kejì, mẹ́jọ ègbè, mẹ́jọ ibi tí èrò ti yí padà, mẹ́rin ìparí. Báà mẹ́jọ tí èrò ti yí padà yẹn ni ọkàn orin náà, ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìlà méjì tí ẹ kọ níbẹ̀rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ hàn. Bí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ máa fi síbẹ̀, orin ò tíì pé.

Kíì orin: ẹ má fi ti akọrin tó gba orin àpẹẹrẹ sílẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí òṣèré fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní kíì mẹ́ta, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ mú èyí tí ohùn tó ga jù nínú orin àkọ́kọ́ fi wà ní bọ́tìnnì dùùrù mẹ́ta sísàlẹ̀ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àyè tó kù yẹn ni ẹ ó fi gbé orin kẹta sókè.

Bó bá jẹ́ èdè olóhùn ni ẹ fi kọ ọ́, bíi Yorùbá, ẹ sọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu kí ẹ tó fi ohùn orin sí i. Bí ohùn orin bá gbé ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀ sókè, “ọ̀nà mi” á di “ọnà mi,” arìnrìn-àjò yín á sì di agbẹ́gilére. Ìlà tó bá ṣòroó bá mu, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má ba ohùn orin jẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ àti ìrìn dánra wò, kí òṣèré mọ ibi tó wà nínú ìtàn, kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà ṣáájú ìdánrawò máa ń dùn, kì í sì í ní ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó ló máa wà lójú àwòrán, kó jókòó níwájú máìkì náà. Àyà ẹni tó jókòó kì í fẹ̀ bíi ti ẹni tó dúró, etí sì máa ń mọ̀ ọ́n.

Máìkì méjì ni kí ẹ lò nígbà kan náà: ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu, èkejì ní mítà kan sí mítà kan àtààbọ̀. Tí kámẹ́rà bá jìnnà, ti èkejì ni ẹ máa pò mọ́ ọn. Fíìmù tí a ti rí ènìyàn ní òpin gbọ̀ngàn, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí wa létí, ti tú ara rẹ̀ fó. Ẹ gbà á ní 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 24 bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó). Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní fáìlì 44.1 kHz tí ètò orí kọ̀ǹpútà á kà bíi 48: orin á yára sí i ní nǹkan bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì ga tó bọ́tìnnì dùùrù kan àtààbọ̀.

Ẹ má gé èémí kúrò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń po orin ló ń fi ẹ̀rọ yọ gbogbo mímí kí orin lè mọ́. Nínú fíìmù, èémí tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ rí. Bí àyà bá gbéra tí etí ò gbọ́ nǹkan kan, irọ́ ni.

Ọjọ́ yíyà

Ẹ gé orin sí apá mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí apá kọ̀ọ̀kan ní báà méjì ìkakà níwájú, pẹ̀lú ìró tín-ín-ín lórí bíìtì kọ̀ọ̀kan, kí òṣèré lè mọ ibi tó ń wọlé. Ẹ fún wọn lórúkọ tí ẹni tó ń tẹ playback (orin tí ẹ ti gbà sílẹ̀, tí òṣèré ń gbọ́ lọ́jọ́ yíyà) á rí lójú ẹsẹ̀: 01-ìbẹ̀rẹ̀, 02-ẹsẹ, 03-ègbè. Láìsí èyí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tún ègbè kejì yà ni ẹ ó máa gbọ́ ìṣẹ́jú kan orin lásán.

Sípíkà kan ṣoṣo, kó súnmọ́ òṣèré. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ mítà 14 fún fírémù kan. Bí sípíkà bá wà ní mítà 30, oníjó ti pẹ́ ní fírémù méjì kó tó gbọ́. Ẹ má pò sípíkà Bluetooth mọ́ ti oníwáyà. Ti Bluetooth máa ń pẹ́, ìlà iwájú àti ìlà ẹ̀yìn á wá máa jó orin méjì.

Òṣèré gbọ́dọ̀ kọrin síta gan-an, kó má kàn máa ṣí ẹnu. Ẹ wo ọrùn ẹni tó ń di ohùn gíga mú: iṣan ẹ̀gbẹ́ ọrùn á le, ihò imú á fẹ̀, àgbọ̀n á wálẹ̀ ṣáájú ohùn, ara á sì jò díẹ̀ nígbà tí ohùn bá tán. Ẹni tó ń ṣe bí ẹni ń kọrin, ètè rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ ya ṣọ́ọ̀tì ẹ̀yìn àti ti ọwọ́ kó sinmi. Torí èyí, àwọn ṣọ́ọ̀tì ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà láàárọ̀, ti ọ̀nà jíjìn ni kó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ni ó ń rọ àwọn oníná lọ́rùn.

Ijó fẹ́ gbogbo ara. Ẹ fi ẹsẹ̀ sínú àwòrán. Kámẹ́rà tó wà ní gíga ìbàdí máa ń mú ara gùn, èyí tó wà lókè orí máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi ìyàtọ̀ yìí ṣe ìtàn: kí orin àkọ́kọ́ jẹ́ láti òkè, láti ẹ̀yìn gíláàsì, obìnrin náà láàárín tábìlì ogún; kí orin kẹta wà ní ìpele ojú rẹ̀, kí ẹ má sì gé e bí ẹ bá lè ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán rọra lọ nígbà tí ẹnu ń kọrin, ẹ ya á ní fírémù 48, kí ẹ sì tẹ playback ní ìyára ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá fà á padà sí 24, ẹnu á bá orin mu nígbà tí irun àti aṣọ á máa léfòó. Ẹ dán an wò lórí ìlà kan ṣáájú ọjọ́ yíyà, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣeé sáré sọ.

Ẹ ṣàyẹ̀wò ohun tí kámẹ́rà yín ń pè ní 24. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ 23.976. Bí ẹ bá ya pẹ̀lú ọ̀kan tí ẹ sì tò ó bí èkejì láìmọ̀, ẹnu á ti kúrò lórí orin ní fírémù mẹ́rin kí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tó parí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá bára mu tí ìparí ò bára mu, ẹ má dá òṣèré lẹ́bi. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí máìkì kámẹ́rà máa gba playback sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Òun ni ẹ ó fi bá orin gidi mu.

Orin kejì, tí kò ní ìlù, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, láìsí playback. Nínú *Les Misérables* (2012), bẹ́ẹ̀ ni Tom Hooper ṣe é: íápíìsì wà létí àwọn òṣèré, ẹnì kan ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ olórin ńlá kọ tiwọn lé e. Èrè rẹ̀ ni pé òṣèré lè dúró níbi tó bá wù ú, kó gbé ẹkún mì kó tó tẹ̀ síwájú. Gbèsè rẹ̀ ni pé kò sí ìgbà méjì tó máa ní ìyára kan náà, torí náà ẹ ò lè gé ti ìgbà kìíní mọ́ ti ìgbà kejì. Kámẹ́rà méjì nígbà kan náà ló ń yanjú rẹ̀. Tàbí ṣọ́ọ̀tì kan tí ẹ ò ní gé. Ẹ lo máìkì àyà àti ti orí ọ̀pá pa pọ̀, kí ibi tó ga jù má kọjá −12 dB lójú òṣùwọ̀n ẹ̀rọ ìgbohùn, ẹ pa gbogbo abẹ́bẹ̀, kí ẹ sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà ní ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó kó nǹkan kúrò.

Títo àwòrán àti pípo ohùn

Ẹ má gé lórí gbogbo bíìtì. Orin ń lù, àwòrán náà ń lù, ará ìwòran á rẹ̀. Ẹ gé lórí ìṣípòpadà: nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, fírémù kan tàbí méjì ṣáájú bíìtì, ojú á rò pé ìlù ló fà á. Nínú báà mẹ́jọ tí èrò ti yí padà, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ènìyàn kì í rí ẹni tó ń ronú bí wọ́n bá ń gé e lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín gbólóhùn kan.

Ní ti ohùn, ẹ padà fi ìró ẹsẹ̀, aṣọ àti àga sínú orin. Playback gbé gbogbo wọn lọ. Láìsí wọn, orin á dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán. Ìlà orin àkọ́kọ́ kó gbẹ bí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí reverb (gbohùngbohùn bíi ti inú gbọ̀ngàn) wá máa wọlé láàárín báà mẹ́rin. Orin lè ga ju ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wò bá ní láti wá rìmóòtù, ẹ ti gbé e sókè jù. Fún íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi −14 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè sétí) dára fún odindi fíìmù. Fún tẹlifíṣọ̀n, −23 ni ìlànà tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù.

Ẹ fi han ẹni mẹ́ta tí ò mọ ìtàn náà. Ẹ má béèrè bóyá orin dùn. Lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ ní: “Kí ló ń fẹ́?” Bí wọ́n bá dáhùn bákan náà, ó ti wọlé. Bí wọ́n bá ní “Ó fẹ́ kí nǹkan dára,” ẹ padà sídìí ẹsẹ àkọ́kọ́.

Ẹ̀tọ́ lórí orin

Bí orin bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ méjì ni ẹ máa gbà, kì í ṣe ọ̀kan: ti ẹni tó kọ orin, láti so ó mọ́ àwòrán, àti ti ẹni tó ni ìgbasílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ lo ohùn tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ orin padà, gẹ́gẹ́ bí àtúnkọ ṣe nílò rẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda ìyẹn lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí orin tuntun fi máa ń rọrùn ju ti àtijọ́ lọ fún irú eré yìí. Kódà bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ló kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ọjọ́ yíyà tó dé: ta ló ni orin, ta ló ni ìgbasílẹ̀, ibo ni fíìmù lè dé, fún ọdún mélòó, àti bóyá wọ́n lè ta orin náà lọ́tọ̀. Ẹ kọ orúkọ oníjó, onídùùrù àti ẹni tó po ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.